Rántí Ọmọ Ẹni Tí Ìwọ Í Ṣe

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń dá lọ sí ìlú èbúté ní ilẹ̀ òkèèrè

Ẹ ka: Orin Dáfídì 139, ẹsẹ 7 dé 12, Jónà, orí 1, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 28, ẹsẹ 11 dé 15.

Ọ̀rọ̀ wa ní oṣù yìí wà fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, àti fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń tọ́ wọn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé, bí iṣẹ́ bá parí ní ọjọ́ Ẹtì, a di ẹrù rẹ̀, a gba ọ̀nà Ìdìrókò tàbí ti Sẹ̀mẹ̀, a sì dá nìkan lọ sí Kútọnu, ìlú èbúté ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí òkun, kí ó dán èdè Faransé tí ó ń kọ́ wò, kí ó sì padà dé kí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí a máa bèèrè pé, ó ha yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n lọ bí? Ìdáhùn wa ni èyí: ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ láìrántí ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe.

Kí a tó gba ẹnikẹ́ni níyànjú, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ dúpẹ́. Ọ̀nà etí òkun kì í ṣe ọ̀nà tuntun fún ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tọ̀ ọ́ ni ó fẹ́ láti lọ. Ní ọdún 1821 ni a kó Àjàyí, ọmọkùnrin ará Òṣóògùn, lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, a sì kó wọn dé èbúté Freetown. Ní ilẹ̀ Sàró náà ni ọmọ tí a tà ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni a ti rì í bọmi ní ọdún 1825 tí ó di Samuel Crowther, níbẹ̀ ni ó sì ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827.

Ẹ tún rántí pé láti ilẹ̀ Dàhómì, tí ó di apá kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti òde òní, ni ogun ti wá bá Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864. Lónìí, nípa àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ní ìwé ìrìnnà tí ó péye lè wọ ilẹ̀ náà, kí ó sì gbé ibẹ̀ tó ọjọ́ 90 láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ wa, òmìnira tí ẹ fi ń lọ tí ẹ sì ń bọ̀ yìí, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Èkínní: Ọlọ́run wà ní èbúté pẹ̀lú. Nígbà tí Jónà ń sá fún Olúwa, ìlú èbúté ni ó sá lọ, èyíinì ni Jópà. Ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ire. Ìlú èbúté dára fún ẹni tí ó fẹ́ fara pamọ́, nítorí àlejò pọ̀ níbẹ̀. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀, bí ọmọ bá ṣe ohun tí kò yẹ ní ọjà, ìyá rẹ̀ yóò ti gbọ́ kí ó tó dé ilé. Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan yóò gbé ọ dé ibi tí o bá fẹ́, wọn kì yóò sì bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ìgbà náà gan-an ni a óò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni ọmọ náà ń bẹ̀rù, tàbí ẹnu àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ìdẹ́rùbà. Dáfídì kò kọ orin rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó rí i pé, bí òun tilẹ̀ kọjá òkun, ọwọ́ tí ń darí òun kò ní jìnnà sí òun. Ojú tí ń wò yín ní ìlú àjèjì, ojú Baba ni.

Èkejì: ẹ má ṣe ra ohun tí ẹ kò ṣiṣẹ́ fún, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rà yín. Ní òpin ọdún 2023, oníròyìn kan fi hàn gbogbo ayé pé òun gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnu láàrín ọ̀sẹ̀ 6. Nítorí èyí, ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, ìtìjú náà sì kan àwọn tí wọ́n fi òógùn ojú kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ó dúró níwájú àwọn ọmọdé lọ́la, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ha lè kọ́ ọmọ ní A, B, D bí? Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún ẹni tí ó bá ṣe ìlérí iṣẹ́ olówó gọbọi fún yín ní òkè òkun, pàápàá ẹ̀yin ọmọbìnrin wa. Ilẹ̀ wa ti ṣe òfin pàtàkì ní ọdún 2003 lòdì sí kíkó ènìyàn ṣòwò, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò náà kò tíì tán. Wọn kò mú ẹ̀wọ̀n wá mọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n ń mú wá.

Ẹ̀kẹta: ẹ wá àwọn ará. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Pútéólì, síbẹ̀ ó rí àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀, ó sì bá wọn gbé ní ọjọ́ 7. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá lè rí ìjọ, kí ni yóò dí ẹni òmìnira lọ́wọ́? Bí ọjọ́ Ìsinmi bá bá yín ní Kútọnu, ẹ lọ sí ilé Ọlọ́run. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà níbẹ̀, ìbátan wa sì ni wọ́n: Thomas Birch Freeman tí ó wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1842 ni ó tún lọ bẹ ọba Dàhómì wò ní ọdún 1843. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ gbogbo èdè ìsìn náà, ẹ ó mọ̀ pé Baba kan náà ni à ń pè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí ó ti dàgbà. Ẹni tí kò dá rìn rí kò lè dá dúró. Ẹ bèèrè ibi tí yóò sùn, àti ọjọ́ tí yóò padà. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, kí ó má sì bá ẹni tí kò mọ̀ gbé ẹrù kọjá ibodè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ wo ohun tí àwọn tí a fi ipá mú lọ sí èbúté mú bọ̀ wá ilé. Ní ọdún 1846 ni Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta láti fi ìdí iṣẹ́ Olúwa múlẹ̀. Ní ọdún náà ni Crowther tún rí ìyá rẹ̀, ó sì rì í bọmi ní ọdún 1848. William Moore, ọ̀kan nínú àwọn ará Sàró tí wọ́n padà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ni ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Òṣíẹ̀lẹ̀ yìí ní ọ̀rúndún náà. Ẹkún ni wọ́n bá lọ, ìyìn rere ni wọ́n mú bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀rín ni ẹ bá lọ, kí ni ẹ ó mú bọ̀? Kò di dandan kí ó jẹ́ ohun ńlá. Èdè tí ó já gaara sí i, ọ̀rẹ́ olóòótọ́ kan, ìtàn tí ẹ lè sọ fún ìyá yín láìfi ohunkóhun pamọ́: wọ̀nyí tó.

Bí ìyá yín bá ń sìn yín dé ibùdókọ̀, yóò ní kí ẹ rántí ọmọ ẹni tí ẹ í ṣe. Òótọ́ ni ó sọ, ó sì ju bí ó ti mọ̀ lọ, nítorí láti ọjọ́ ìrìbọmi yín ni ẹ ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́ ti baba yín, orúkọ Kristi.

Kí Olúwa tí ó ni òkun àti ìyàngbẹ ilẹ̀ pa àlọ yín mọ́, kí ó sì pa àbọ̀ yín mọ́, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.