Iṣẹ́ Abẹ́ Ìdérí, Ta Ni Ó Ni Ẹ̀bi Rẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń bá jà láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Bí ẹni tí ó ni iṣẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé kí ó ṣe iṣẹ́ náà ní àbọ̀, ǹjẹ́ ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn oníṣẹ́ bí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò tètè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, tìbínú-tìbínú. Inú ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kí òǹkàwé jọ̀wọ́ bá mi dé ibẹ̀ ná.

Bàbá mi fi ọkọ̀ Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún mi. Àwọn tí a bí lẹ́yìn ayé ọkọ̀ yìí lè má mọ iyì rẹ̀. Ní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé; oyè ọkọ̀ tí ó peregedé jù lọ ní Yúróòpù sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1969. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Òun ni ọ̀gá àgbà ń gùn lọ sí ọ́fíìsì, òun náà ni èrò ń há sí láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Lónìí, ó ti di ohun àtijọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan, ó gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ohun tí mo rí lára rẹ̀ funfun bí ògì tí a pò. Omi rádíétọ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni kò jò sílẹ̀. Mẹkáníìkì àgbàlagbà tí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ayé bàbá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.

Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀? Búlọ́ọ̀kù ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí pístọ́nù mẹ́rin ti ń lọ sókè sódò. Orí ẹ́ńjìnnì ni ó dé e bí ìdérí ìkòkò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a tẹ́ sí àárín wọn. Iná tí ń bú nínú sílíńdà, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára, àti ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ èkejì. Irin sì ni búlọ́ọ̀kù 504, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Bí ooru bá mú wọn, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Àárín àwọn méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba ni gásíkẹ́ẹ̀tì ń gbé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.)

Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì, mo ń wò wọ́n. Ọ̀gá kò fọwọ́ kan bóòtù kankan títí ẹ́ńjìnnì fi tutù pátápátá, nítorí pé alumíníọ̀mù tí a bá tú nígbà tí ó gbóná a máa wọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń dẹ̀ wọ́n bọ̀ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Ó lu ihò mẹ́jọ sára páálí, ó sì to àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ti fáàfù sínú wọn, kí olúkúlùkù lè padà sí àyè rẹ̀. Bí wọ́n ti gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò, ọmọṣẹ́ kan na ọwọ́ láti yí ẹ́ńjìnnì kí pístọ́nù lè gòkè wá fún nínù. Ọ̀gá pariwo mọ́ ọn. Sílíìfù tí pístọ́nù 504 ń gba inú rẹ̀ kọjá kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Inú omi ni ó dúró sí, orí ẹ́ńjìnnì tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó dì í mú. Bí a bá yí ẹ́ńjìnnì láìkọ́kọ́ fi bóòtù àti wáṣà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pístọ́nù lè gbé e sókè díẹ̀, ohun tí ó dí ìdí rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ojú kò ní rí i. A ó dé e, yóò ṣiṣẹ́; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ọ́ìlì, kò sì sí ẹni tí yóò lè tọ́ka sí ọwọ́ tí ó fà á.

Lẹ́yìn èyí, ó gbé irin gígún kan lé ojú orí ẹ́ńjìnnì náà, ó ní kí n wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Àlàfo tí kò tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà ti tó láti ba gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́. Ó ní a gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fá irin kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú.

Mo ka owó ọwọ́ mi, kò tó. Mo ti pinnu pé n ó ta ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fẹ́ máa fi kó àwọn alájàpá lọ sí oko sì ti ń dúró dè é. Mo ní, “Bàbá, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ dé e bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ tà á ni.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, owó yín ni, ọkọ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni. Bí mo bá dé e báyìí, yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí méjì, ẹ̀yin kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́.”

Níbẹ̀ ni mo ti bínú, tí mo fi òwe ẹrú àti ẹrù lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, mo rí i pé àwíjàre mi kò ṣàìní ìdí. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá kọ gbogbo iṣẹ́ àbọ̀, kí ni tálákà yóò ṣe? Aránṣọ ń lẹ aṣọ, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní òṣìkà. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ ara aṣọ ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò rà á rí i, yóò sì ná an bí aṣọ tí a lẹ̀. Àbùlẹ̀ abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì kò lẹ́nu. Mo lè forí ji mẹkáníìkì fún ohun tí ó bá ṣe sí mi. N kò lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti àwọn alájàpá rẹ̀ forí jì í nígbà tí wọn kò mọ̀ pé a ṣẹ̀ wọ́n. Ìyọ̀ǹda mi kò kọjá ibi tí ìyà mi mọ.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run ń wò ó, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí lójú tèmi. Bí ó bá jẹ́ pé ojú tí ń wo ènìyàn nìkan ni ó ń dá a lẹ́kun, iṣẹ́ ojú ayé ni ó ṣì ń ṣe. Ó kàn gbé ojú náà lọ sí ọ̀run ni. Bàbá kò dárúkọ Ọlọ́run fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ni ó dárúkọ. Ọmọṣẹ́ tí ó pariwo mọ́ ní àárọ̀ ṣì dúró tì wá, ó ń gbọ́. Ohun tí ọ̀gá bá dé mọ́lẹ̀ lójú oníbàárà, ọmọṣẹ́ rí i, ó sì kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa olùkọ́. Òbí a máa wá bẹ̀ wá, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ a máa wá bẹ̀ wá, pé kí a ràn án lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí ni ìdérí rẹ̀. Aláìsàn tí yóò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i kò sí nínú àdéhùn. Mo ti kọjú sí fèrèsé rí ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, mo ń wo igi máńgòrò títí aago fi lù. N kò gba kọ́bọ̀, ìdí nìyí tí mo fi rò pé mo mọ́.

Síbẹ̀, n kò ní dá gbogbo mẹkáníìkì tí ó bá gbà lẹ́bi bákan náà. Bàbá ní oníbàárà púpọ̀, ó lè kọ tèmi. Ọmọṣẹ́ tí ó gba òmìnira ní oṣù tí ó kọjá, tí ó ní owó ilé láti san, kí ni kí ó ṣe? Ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ti ẹni tí ó fi owó dán an wò wúwo jù ú.

Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n fá orí ẹ́ńjìnnì náà. Láti àárín ni ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bóòtù lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele. Nígbà tí mo ti wà á fún ọjọ́ mélòó kan, mo gbé e padà wá kí wọ́n tún wọn fún. Ọmọṣẹ́ náà ni ó mú sípánà lọ́jọ́ náà, ọ̀gá kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá. Mo sọ gbogbo ohun tí a ṣe fún un, mo sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ó jó hàn án. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó dín owó tí a jọ ná tẹ́lẹ̀ kù, èmi náà sì gbà. Kí ó tó lọ, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó bá yín dé e?” Mo júwe ọgbà náà fún un.