Ẹ̀rí Ẹni Tí Ó Gbọ́ Ohùn Ọlọ́run

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé àwọn gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí ó gbọ́ ní tòótọ́? Àdúrà gígùn kò tó ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn iyọ̀ nínú orin kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rí tí ó dájú ni pé kí ènìyàn mú ìhìn àánú tí ó gbọ́ tọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ rí lọ.

Ẹ wo wòlíì Jónà. Nígbà tí Ọlọ́run rán an sí Nínéfè, ìlú ńlá àwọn ará Asíríà, ó gbọ́ yékéyéké. Nítorí pé ó gbọ́ ni ó ṣe sá wọ ọkọ̀ ojú omi. Nínú ẹja ni ó ti ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ṣàánú fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Nínéfè ronú pìwà dà, tí Ọlọ́run sì dá wọn sí, inú bí Jónà. Ó gba àánú fún ara rẹ̀, ó sì fẹ́ fi du ẹlòmíràn. Etí rẹ̀ gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò gbọ́.

Ẹ wá fi í wé Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó òun àti ìyá rẹ̀ ní Òṣóògùn, ìlú wọn. A sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi di èrò inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Sàró, níbi tí ó ti gbọ́ ìhìn rere, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Bí ó bá sọ pé òun kò tún fẹ́ fojú kan ilẹ̀ tí a ti ta òun bí ewúrẹ́, ta ni ìbá bá a wí? Síbẹ̀ ó padà. Ó fi sùúrù kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé, kí iṣẹ́ tí a rán an lè yé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Níbẹ̀ ni ó ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún 25. Ìyá náà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ ní 1848. Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àjàyí, tí a ti sọ di ẹrú rí, jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ bí ọmọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé: Irú àánú bẹ́ẹ̀ kò ha ní jẹ́ kí ìwà ìkà gbilẹ̀ bí? Rárá o. Àánú kì í pe ibi ní rere. Ní 1851, Crowther sọ ibi òwò ẹrú fún Ọbabìnrin Victoria láìfi bò. Ó bá òwò náà jà, ṣùgbọ́n kò kẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí òwò náà ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, Nínéfè kò jìnnà. Ó lè jẹ́ ọmọ kíláàsì yín tí ó purọ́ mọ́ yín lọ́dọ̀ olùkọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí òun náà wọ gàù, tí àwọn yòókù ń fi í ṣẹ̀sín, ẹ lè gbọ́ nínú ọkàn yín pé kí ẹ ràn án lọ́wọ́. Ohùn náà kì í pariwo. Ẹni tí ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, kí ẹ tó wàásù àánú fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ dákẹ́, kí ẹ sì rántí bí Ọlọ́run ti dárí jì yín. Ẹni tí ó bá rántí èyí ni yóò mọ iṣẹ́ àánú jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò sì ṣeé gbàgbọ́.