Má Ṣe Gbé Iná Wọ Inú

 

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991, ọkọ̀ òfúrufú DC-8 kan gbéra ní Jídà, ó ń gbé àwọn tó ti ṣe Hájì tán bọ̀ wá sí Ṣókótó. Ilé-iṣẹ́ Nationair ti Kánádà ló ni ín, Nigeria Airways ló gbà á fún iṣẹ́ náà. Èrò 247, òṣìṣẹ́ 14, gbogbo wọn jẹ́ 261. Ẹnì kan kò yè.

Kí ló fà á? Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe ọ̀tá ilé. Afẹ́fẹ́ inú táyà ni kò tó. Mekáníìkì mọ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà náà kò sí nítòsí, alákòóso kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Ni wọ́n bá ní kó máa lọ. Bó ti ń sáré lórí ilẹ̀, táyà kan bẹ́, òmíràn tẹ̀lé e, iná sọ. Awakọ̀ kò mọ̀. Ó ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó sì ká iná náà wọ inú ọkọ̀. Wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ já kí wọ́n tó dé.

Ẹni tó ń ti Hájì bọ̀ kò kúkú ṣàìgbàdúrà. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: àdúrà kì í fẹ́ táyà fún ẹni tó rí i pé ó rọ̀, tó sì dákẹ́. Ṣebí Sólómọ́nì kìlọ̀ fún wa nípa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kéékèèké tó ń ba ọgbà àjàrà jẹ́.

Àwa ará Ìlobùú àti Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó yẹ kí àgbà jókòó parí, a ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìbínú sọ, a ká a mọ́ inú. Ní ọdún 2025 ńkọ́? Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìjọba fi kónílé-ó-gbélé sé wa mọ́lé, àwa tí a ń fẹ́ ọmọ ara wa!

Nítorí náà, dírẹ́fà, wo táyà rẹ kí o tó gbéra lọ sí Òṣogbo. Ọ̀gá, bí ọmọ iṣẹ́ bá ní nǹkan kò dára, má ṣe ní kó panu mọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀, kó lọ bá a sọ ọ́ lónìí.

Olúwa kò ní jẹ́ ká gbé iná wọ inú, lórúkọ Jésù. Àmín.