Ọbẹ̀ Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Gbèsè Wo Ni A Jẹ Aládùúgbò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ́ ìtàn «La Cigale et la Fourmi» sórí ní ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí La Fontaine tẹ̀ jáde ní ọdún 1668. Cigale, kòkòrò olórin, fi gbogbo ìgbà ooru kọrin. Nígbà tí òtútù dé, kò ní ohun tí yóò jẹ. Ó lọ yá oúnjẹ lọ́wọ́ èèrà. Èèrà kò yá a, ó sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Àwa kò ní ìgbà òtútù bíi ti ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n a ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé a gbẹ; ní Kétu, níbi tí omi ti jìn nínú ilẹ̀, ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í pẹ́ di eruku. Nítorí náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń rẹ́ ilá, tí wọ́n ń sá a sóòrùn kí ó di orúnlá, tí wọ́n ń sá ata, tí wọ́n sì ń gún ewé osè gbígbẹ. Ẹni tí ó ní àkùrọ̀ a máa gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú síbẹ̀, a sì máa bomi rin ín. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan tí mo wà ní kékeré, ìyàwó ilé kejì wá tọrọ orúnlá lọ́wọ́ ìyá mi. Ìyá mi dá a lóhùn pé: «Ìyàwó, nígbà tí mo ń sá tèmi, níbo ni o wà?» Obìnrin náà tẹrí ba, ó sì lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn ni ó wà ní gbogbo ìgbà òjò. Ìyá mi mọ̀. Èmi náà mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ṣé èèrà jẹ̀bi?

Àwọn kan yóò sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ni èrè. Bí a bá ń bọ́ ọ̀lẹ, òṣìṣẹ́ yóò di aláìní. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìfipamọ́ kì í ṣe ahun. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ní, iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe. Ó gbàgbé aláìsàn, ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn, àti opó tí a kò fún ní ilẹ̀. Rousseau ti kìlọ̀ nínú «Émile», ní ọdún 1762, pé ọmọdé tí a bá kọ́ ní ìtàn yìí, èèrà ni yóò fẹ́ jọ.

Lójú tèmi, ọgbà fúnra rẹ̀ fi ìwọ̀n hàn wá. Tẹ̀tẹ̀ tí a bá rẹ́ a tún yọ ewé. Ẹni tí ó fi í tọrẹ kò pàdánù ohun púpọ̀, nítorí náà kò ní àwáwí. Ẹ̀kúnwọ́ orúnlá tí ó bá jáde kò ní padà. Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ ro ti àwọn ọmọ ilé, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọjá àìní wọn, ìkòkò òfìfo ilé kejì ni ó ni ín. Irúgbìn ni olóko fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ, síbẹ̀ òun ni ẹ̀bùn tí ó dára jù, nítorí ẹni tí a fún ní irúgbìn àti ilẹ̀ díẹ̀ létí omi lè má tọrọ mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀lẹ ní tòótọ́, kí a bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ìbáwí tẹ̀lé oúnjẹ, kí ó má ṣe rọ́pò rẹ̀.

Ìyá mi kò jalè, kò sì parọ́. Ohun tirẹ̀ ni ó fi pamọ́. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kòkòrò ti jẹ èyí tí ó ṣẹ́kù nínú orúnlá wa. Èmi ni ó rán láti lọ dà á nù.