Odò Tó Gbàgbé Orísun

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ." Ní Ọ̀tà, ẹ̀ka-èdè Yorùbá ti àwọn Àwórì ni òwe yìí bá mu jù. Àwọn Àwórì ló tẹ ìlú náà dó, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ Sáńgò-Ọ̀tà ti kó onírúurú ẹ̀yà wọ̀lú. Yorùbá àjùmọ̀lò àti pijin ló gba ọjà; àjùmọ̀lò yìí kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ọmọ Àwórì, níbi tí wọ́n bá tilẹ̀ ti ń kọ́ Yorùbá rárá. Níbòmíràn, àwọn tí èdè wọn wà nínú ewu ti jà fún un: àwọn Amazigh ti Àríwá Áfíríkà jà títí èdè wọn fi di èdè ìjọba ní Mòrókò ní 2011, àti ní Àljéríà ní 2016. Ti Àwórì kò ní láti dé orí irú ìjà bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí lọ gba ohùn àwọn àgbà Ọ̀tà sílẹ̀, kí orísun yìí má baà gbẹ.