Ojú Kan Tí Kò Dán

Ẹni tó gbé máṣìn Bajaj yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabawa ti nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí. Ó ní bí òun bá ti gbé èrò méjì dé Ganaja, agbára rẹ̀ á rẹlẹ̀. Mo na ẹ̀rọ ìwọn-ooru sí orí ẹ́ńjìnnì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pulọ́ọ̀gì. Ẹ̀rọ ọ̀hún jọ ìbọn kékeré tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, àmọ́ èyí lè ka ooru tó ju ti ara èèyàn lọ dáadáa. Ó kọ 82. Mo ta omi sí irin náà: ṣàà! Omi hó, ó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ omi kì í hó àfi tí ooru bá tó 100.

Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Irin tó bá dán kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ tàn jáde bó ṣe yẹ. Ooru ohun tó yí i ká ló máa ń dá padà, bí dígí ṣe ń dá ojú ẹni padà. Mo fi àkísà ha dúdú èéfín ní ẹnu sàlẹ́ńsà, mo fi pa ojú kan lára orí ẹ́ńjìnnì náà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo tún na ẹ̀rọ síbẹ̀. 183! Ọ́ìlì tó yẹ kó máa tù ú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àfáà, ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, ní, “Ohun tó pamọ́ sínú, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.” Tọkàntọkàn ni mo fi gbà. Yorùbá náà ya orí òde sọ́tọ̀ kúrò lára orí inú, kò sì sí ìbọn tó lè dé ibi tí písítìn ti ń jó gan-an. Àmọ́ mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe aṣọ ìbora rí.

Lọ́dún 2022, nígbà tí Odò Ọya kún wọ Kabawa, ó wọ yàrá ìyá ọmọṣẹ́ mi. Àràárọ̀ lọmọ náà ń dé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. “Ilé ńkọ́?” “Àlàáfíà ni, ọ̀gá.” Mo gba àlàáfíà yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ló mọ inú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wà lábẹ́ máṣìn, ọ́ìlì dúdú dé etí rẹ̀. Mo bi í pé, “Níbo lẹ sùn lánàá, ìwọ àti ìyá ẹ?” Kò dá sípánà dúró.

“Nínú kíláàsì, ọ̀gá. Wọ́n ń húkọ́.”

Ní 1800, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Herschel wọn ooru oríṣiríṣi àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó gbé ìwọn-ooru kọjá ibi tí àwọ̀ pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló gbóná jù. Irú ooru tí ojú kò rí yẹn ni ẹ̀rọ mi ń kà. Ooru náà ti ń bọ́ síbẹ̀ látọjọ́ tí oòrùn ti ń ràn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ mọ́ pé ìpọ́njú ọmọ yẹn pamọ́ fún mi. Ó ti dé awọ ara rẹ̀. Ibi tó ń dán ni mo ń wò. Pé Ọlọ́run mọ̀ kò gba ìbéèrè kúrò lọ́rùn mi.

Nígbà tí mo rọ ọ́ìlì tuntun tán, ọlọ́kadà náà ní kí n bá òun nu dúdú yẹn kúrò, pé ó ń ba ẹwà máṣìn òun jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún padà wá.