Ẹ̀fọ́rí Tí Kò Gbọ́ Oògùn

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. "Gbogbo aboyún ni orí ń fọ́." Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ebi, òùngbẹ, àìsùn, ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí orí máa fọ́ obìnrin lemọ́lemọ́. Omi, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ àti oorun a máa dẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n oyún ìyàwó yìí ti wọ oṣù keje.

Aránṣọ ni, ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà ó pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Wọ́n ní ọmọkùnrin ló wà níkùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Wọ́n ní oyún náà yẹ ẹ́. Òrùka ìgbéyàwó kò gba ìka rẹ̀ mọ́, ó fi okùn so ó kọ́rùn. Nígbà tí ẹ̀fọ́rí dé, ó lo paracetamol, kò gbọ́. Ó ra oògùn oníyẹ̀fun ní kẹ́míìsì. Aspirin ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kò yẹ kí aboyún dá lò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un. Ibuprofen àti diclofenac náà kò yẹ ẹni tí oyún rẹ̀ ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀, torí wọ́n lè ṣe kíndìnrín ọmọ inú ní jàǹbá. Ó mu àgbo. Wòlíì kan ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbà á. Ààwẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ maṣíìnì. Òwú kò wọlé. Ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, ó ní, "Abẹ́rẹ́ méjì ni mò ń rí, èwo ni ká ti òwú bọ̀?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá wọ búbà rẹ̀ wò, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́yìn? Ṣé abẹ́ ìhà ọ̀tún kò dùn yín?" Kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ Márúwá, gìrì ti gbé e ṣánlẹ̀. Ẹnì kan sáré mú ṣíbí wá láti fi la eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà gba ṣíbí ọ̀hún, ó jù ú nù, ó yí obìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì kó gbogbo ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ní ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 180/120, bẹ́ẹ̀ láti 140/90 ni dókítà ti ń kọminú sí aboyún. Purotéènì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Preeclampsia tó ti di gìrì aboyún ni. Wọ́n fún un ní magnesium sulphate kí gìrì má baà padà, wọ́n fi oògùn mìíràn mú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, nítorí ibi ọmọ ni àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá yè é. Ọmọ kò yè é.

Àwọn kan ní ara rẹ̀ ni kò le tó. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Tori Bowie, sárésáré ará Amẹ́ríkà tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016, kú sílé rẹ̀ ní Florida ní 2023, ẹni ọdún 32, pẹ̀lú oyún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ dárúkọ gìrì aboyún mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Allyson Felix, tí wọ́n jọ sáré gba wúrà náà, ní preeclampsia ní 2018. Àyẹ̀wò oyún lásán ló lọ ṣe tí wọ́n fi rí i, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 32. Òun àti ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Aránṣọ wa ti lóyún mìíràn báyìí. Láti ọ̀sẹ̀ kejìlá ni dókítà ti kọ aspirin oníwọ̀n kékeré fún un, èyí tó ń dín ewu náà kù. Ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń kọ iye tó bá kà sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé gìrì yìí lè mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ pàápàá, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ ìyàwó rẹ̀ gidigidi lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.